Ilé Tí Ọ̀gágun Yóò Na Ìrù Sí

Àlá tí mo lá lóru àná, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rán aṣọ yín lọ, etí nìkan ni mo ń tọrọ.

Ẹ ṣáà mọ ẹja mi, Ọ̀gágun, ẹja ọ̀ṣọ́ pupa tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tí ìrù rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e bí agbádá. Inú ìgò tí wọ́n fi ń ta ẹ̀pà ni mo fi í sí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e fún mi, omi ibẹ̀ sì ti ń rí bí omi ìṣanwọ́. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò jẹun, ìsàlẹ̀ ìgò ló ń dùbúlẹ̀ sí. Ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ kìlọ̀ fún mi pé tí n ò bá wá ilé tó bá a mu fún un, yóò kú. Mo bi í pé báwo ni ilé ọ̀hún ṣe máa tóbi tó. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn gba sùúrù, torí irú ẹja yìí máa ń wá sókè omi wá mí bí èèyàn ni. Oníbàárà mìíràn dé, ó pa mí tì. Ìrònú yẹn ni mo gbé sùn.

Bí mo ṣe sùn báyìí, mo rí ara mi tí mo gbé ìgò Ọ̀gágun mọ́yà, tí mo ń lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín ilé fún ẹja. Ojú sánmà ni ọ́fíìsì náà wà, lókè afárá Lafẹ́nwá. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ òpó iná kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ sí Ṣàgámù. Mo gun àkàsọ̀, mo wọlé. Ọkùnrin kan tó pọn ẹja àrọ̀ sẹ́yìn ló wà níwájú mi lórí ìlà. Mo kí i pé ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ó ní a dúpẹ́, ó ní eyín ló ń hù tí kò jẹ́ kó sùn.

Ọ̀gá ibẹ̀ ń jẹ́ Alàgbà Ṣówándé. Ó so táì, ó ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú báàfù omi. Ó wo Ọ̀gágun láti ìrù dé ẹnu, ó ní ẹja kékeré, ilé kékeré, ló bá gbé ife tíì kan jáde. Ife náà gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní inú òun móoru, àdúgbò òun dákẹ́, àti pé tí ṣíbí bá tiẹ̀ ń bọ̀, òun máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti òkèèrè. Mo ní ó ṣeun, mo da Ọ̀gágun sínú rẹ̀. Orí wọlé, àyà wọlé, ìrù kù síta. Ife ní kí a gé e. Mo ní rárá o, ìrù yẹn ni gbogbo ohun tó jogún. Mo gbé ẹja mi jáde, mo dágbére fún ife, a kò bá ara wa jà.

Alàgbà Ṣówándé wá ṣí ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, a sì bá ara wa lórí òrùlé ilé alájà mẹ́ta kan, níwájú táńkì omi dúdú ńlá. Ohùn táńkì náà rinlẹ̀. Ó ní gbogbo àdúgbò lòun ń fún lómi wẹ̀, kí wá ni ti ẹja kan ṣoṣo. Inú mi dùn. Mo ní bí ilé bá ti tóbi, ó ti parí. Ọ̀gágun bọ́ sínú rẹ̀, ó lọ, ó lọ, a ò rí i mọ́. Ó pẹ́ kó tó yọrí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló sì ṣe sọ ọ́.

“Àǹtí Mosúnmọ́lá, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n tí n bá sùn sí ìsàlẹ̀ ilé yìí, mo máa kú kí n tó gòkè wá mí. Kì í ṣe gíga ni mò ń wá, fífẹ̀ ni.”

Mo ní ó yé mi. Alàgbà ní kò yé òun. Ó ní kì í ṣe gíga táńkì ni ìṣòro, ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹja náà dá wà. Ó ní àwọn kì í fún ẹni tó dá wà nílé, nítorí ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni lójú mi, mo mi orí. Kí n tó mi orí tán, wọ́n ti da ẹja mìíràn sínú táńkì, òun náà nírù gígùn, àwọ̀ búlúù ni tiẹ̀. Àwọn méjèèjì kí ara wọn dáadáa. Àlejò ní ẹ kú ilé, Ọ̀gágun ní ẹ káàbọ̀, wọ́n béèrè àlàáfíà ìyá ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ya etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn bí ẹni ṣí agboòrùn, ìjà dé. Táńkì ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fọ́ òun.

Mo ki ọwọ́ bọ omi, mo fa Ọ̀gágun yọ. Ìrù rẹ̀ ti ya. Ó dùbúlẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi, kò mira. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé tó bá kú, ọwọ́ mi ló kú sí, mo sì fẹ́ràn ẹja yẹn. Mo bẹ Alàgbà pé kó tètè fún wa nílé, ilékílé tó bá ṣáà ti fẹ̀. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

Ó ní, “Ìyàwó rẹ̀ dà? Ẹbí rẹ̀ dà? Ta ló máa ṣe onídùúró fún ẹni tó ń dá gbé?”

Ẹ gbọ́, ìbéèrè tí àwọn lánlọ́ọ̀dù ìlú yìí ń bi mí nìyẹn láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ọkọ. Ẹ mọ̀ pé pálọ̀ àbúrò mi ni mo ṣì ń sùn sí. Ẹ̀rín ni mo máa ń rín sí wọn, màá ní ẹ má bínú sà, màá tún padà wá. Lójú àlá yìí, n ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, “Alàgbà, ẹja yìí kò jalè, kò pariwo. Ibi tó máa na ìrù sí ló ń wá. Tó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wù ú kó gbé, kí ló dùn yín níbẹ̀?”

Bí mo ṣe sọ báyìí tán, a ti padà sínú ọ́fíìsì, táì ọrùn Alàgbà di okùn, Alàgbà di òbúkọ. Akọ̀wé di ewúrẹ́, mẹ́sẹ́ńjà di ewúrẹ́. Mo yẹ̀ lọ́nà kí wọ́n ráyè kọjá, torí ní ọ́fíìsì, ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Àwọn tó kù lórí ìlà kàn ní kí òbúkọ jọ̀wọ́ máa bá iṣẹ́ lọ, pé ó ti pẹ́ táwọn ti wà níbẹ̀. Òbúkọ fi irùngbọ̀n nu awò ojú rẹ̀, ó ní ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀.

Ó mú wa wọ yàrá kan. Àpótí onígíláàsì kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀, kò ga. Òbúkọ gbé ike ọ̀dà ńlá, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń pọnmi, ó da omi ẹ̀kún rẹ̀ kan sínú àpótí náà, ó sì ṣe rẹ́gí. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ìdérí wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú, torí òbúkọ ní àwọn ọ̀gágun máa ń fò jáde tí nǹkan bá sú wọn.

Mo rọra tú Ọ̀gágun sílẹ̀. Kò kọ́kọ́ mira. Nígbà tó yá, ó gbé ìrù tó ya yẹn sókè, ó yí po, ìrù náà kò kan ibì kankan. Ó gòkè wá mí, ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gòkè wá mí, kò rẹ̀ ẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́.”

Mo bá a tì í. Òbúkọ wá yíjú sí mi, ó ní èmi náà ńkọ́, báwo ni tèmi ṣe máa tóbi tó? Mo ń ya apá méjèèjì láti fi hàn án ni fóònù dún, mo bá jí. Ọwọ́ mi ti gbá ẹsẹ̀ tábìlì pálọ̀. Ilẹ̀ ti mọ́. Ọ̀gágun wà nínú ìgò rẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó mí, ó tún padà sísàlẹ̀. Mo sọ fún un pé kó mú ọkàn le, ilé á dé lónìí yìí.

Bùrọ̀dá Délékè, ejẹ́ńtì tó ń bá mi wá ilé, ló pè. Ó ní yàrá kan àti pálọ̀ ṣófo ní Ìbàrà, ṣùgbọ́n kí onílé tó jẹ́ ká wò ó, ó fẹ́ mọ ẹni mélòó ló máa gbé ibẹ̀. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ti purọ́ pé ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá.

Mo ní, “Ẹ sọ fún un pé èmi nìkan ni. Ẹja mi ń bá mi bọ̀, ṣùgbọ́n òun náà ní ilé tirẹ̀.”