Ṣáláńgá Lókè Kànga

Ilé ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n kọ́ sí abúlé Cloonagarra lọ́dún 1909 wuyì lójú. Òkúta ni ògiri rẹ̀, ilẹ̀kùn ọkùnrin lọ́tọ̀, ti obìnrin lọ́tọ̀, wọ́n sì gbé fèrèsé rẹ̀ sókè fíofío kí ọmọdé má baà máa wòta. Ṣùgbọ́n ṣe ni Gobnait Hanafin, tíṣà ibẹ̀, ń yínmú wọlé láràárọ̀. Òórùn ni.

Nínú àwòrán ilé tó ti Dublin wá, ìsàlẹ̀ ọgbà ni ṣáláńgá wà, kànga wà lókè. Fada Meehan, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́, ló ní kí wọ́n yí ilé náà padà kí iwájú rẹ̀ lè kọjú sí títì, kí èrò ọ̀nà lè máa rí òkúta tí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sí. Tadhg Lavelle, bíríkìlà tó kọ́ ilé náà, ṣàlàyé títí, Fada ò gbọ́. Bí ilé ṣe yí, ṣáláńgá bá a yí, ó bọ́ sókè kànga.

Nígbà tí òjò ìgbà òtútù dé, omi kànga di rẹ́súrẹ́sú, ó ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ikun. Ọmọ mẹ́jọ ni ìgbẹ́ gbuuru dá dúbúlẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Gobnait fa garawa sókè, ó rí ìdin lójú omi. Ó bu omi náà sínú ife, ó gbé e lọ bá Fada níbi tó ti ń mu tíì.

Fada fi aṣọ ìnujú bomú. "Tíṣà, kí lẹ gbé wá síwájú mi yìí?"

"Omi tí àwọn ọmọ ń mu ni, Fada. Ẹ tọ́ ọ wò."

"Ẹ gbé e kúrò níbí. Ó ń rí mi lára."

"Ó ń rí ẹ̀yin lára, ọmọ ọlọ́mọ wá lè mu ún?"

Lẹ́tà ni Fada fi dá a lóhùn: oṣù mẹ́ta péré ló kù fún un lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Gobnait àti Tadhg kó òkúta dí kànga. Àwọn ìyá gbọ́, wọ́n dá ọmọ wọn dúró sílé. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko, ẹnìkan ò gba ilẹ̀kùn méjèèjì wọlé. Nígbà tí aṣojú ìjọba wá wò ó, kò lè dúró ti ṣáláńgá náà tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí wọ́n wó o.

Wọ́n wó o lóòótọ́, ṣùgbọ́n Fada ò gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, Gobnait rí iṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ olórùlé koríko kan ní agbègbè Kerry, níbi tí òjò ti ń jò sórí ìwé. Ọdún mọ́kànlá ló lò níbẹ̀.