Ẹ Rún Un, Kí Ẹ Gbé E Mì

Ta ló ní oúnjẹ jíjẹ kì í ṣe iṣẹ́? Kó wá bá mi jókòó ti bàbá mi.

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún wọn, tó sì gba ohùn lẹ́nu wọn, èmi aránṣọ ti pa ẹ̀rọ tì, ṣíbí ló kù lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ fún wa: "Tí wọn ò bá gbé nǹkan kan mì kí ilẹ̀ tó ṣú, a máa ti rọ́bà tí oúnjẹ ń gbà bọ imú wọn o." Bàbá mi gbọ́. Wọ́n ń mi orí títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Ẹ rún un, bàbá mi." Wọ́n sì ń rún un! Mo fún wọn ní búrẹ́dì, wọ́n rún un. Mo fún wọn lẹ́ran, wọ́n rún un kúnná. Àmọ́ kó gba ọ̀fun kọjá, ó tì. Wọ́n á kó o sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n á máa wo ẹnu mi.

Ọ̀rọ̀ náà tojú sú mi. Ṣebí tí a bá ní kí èèyàn rún nǹkan, a kì í tún ránni létí pé kó gbé e mì? Àbí wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ rírún mọ́ ni? Àbí orí tèmi ni ò pé?

Inú bí mi. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n wọn. "Ó dáa, ẹ tu ú, ká sinmi!"

Wọ́n tu ú. Wọ́n fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń tì í lọ síbi ẹnu mi.

"Háà! Kí lèyí?" Mo fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ojú wọn fà ro.

Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó ti ń tòògbé lórí àga, lajú. "Kí lò ń pariwo sí? Ṣebí bó ṣe tọ́ ẹ nìyẹn. Ìyá ẹ kú, o ò tíì hu eyín. Òun ló ń rún ẹran fún ẹ. Àfi tó bá rí i pé o ti gbé e mì ni òun náà tó ń jẹun."

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí. Ẹkún gbọ̀n mí.

Mo kó ẹran náà sẹ́nu, mo gbé e mì, mo la ẹnu kí wọ́n rí i. Nọ́ọ̀sì ti wọlé pẹ̀lú rọ́bà, ó ń wò wá bí ẹni rí wèrè. Bàbá mi fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan rẹ́rìn-ín. Mo fún wọn lẹ́ran mìíràn. Wọ́n rún un, wọ́n gbé e mì, wọ́n sì tún la ẹnu.