Ìyẹ̀fun Ìkarahun

Ìgbín kì í pariwo kó tó kú, ìyẹn ló ń dun Mùnírà jù. Bó bá jẹ́ adìyẹ ni, ì bá ti gbọ́. Ṣùgbọ́n láràárọ̀, bó bá ṣí nẹ́ẹ̀tì ọgbà ìgbín rẹ̀ tó wà lẹ́yìnkùlé, ní ìlú Ifisin, á bá òmíràn tó ti hó bí ọṣẹ, tó sì ti kú.

Ta ló ń pa wọ́n? Mùnírà ti dáhùn ìyẹn kíá. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, Bàbá Ògúnyẹmí, aládùúgbò rẹ̀, ló ń já ewé ìbẹ́pẹ wá fún àwọn ìgbín náà. Ó rí bàbá tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà lọ́jọ́ kan. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ìgbín kú. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Mùnírà bọ́ síta, ó pariwo lójú gbogbo ará àdúgbò pé iyọ̀ ni bàbá ń wọ́n sí ìgbín òun. Bàbá yí padà, ó wọlé rẹ̀ lọ. Kò mú ewé wá mọ́.

Síbẹ̀, ikú kò dáwọ́ dúró. Ìyẹn ló rú Mùnírà lójú, bẹ́ẹ̀ obìnrin tí kì í rí nǹkan tó dì kó má tú u wò ni. Ó fi ọ̀bẹ la òkú ìgbín kan, ó gbé fóònù sún mọ́ ọn, ó mú àwòrán náà tóbi. Aràn! Aràn funfun tín-ín-tín ń yí nínú ẹran náà. Iyọ̀ wo ló ń bí aràn?

Ó jókòó, ó ń ronú. Àwọn ọmọ ìgbín inú báàfù lábẹ́ igi máńgòrò ńkọ́? Ọ̀kan kò kú nínú wọn. Omi kan náà, ewé kan náà. Kí wá ni àwọn ńlá ń jẹ tí àwọn kékeré kò jẹ? Kí ìkarahun wọn lè le, èèpo ẹyin tó ń tọrọ lọ́wọ́ àwọn tó ń dín ẹyin ní gáréèjì ló ń lọ̀ fún àwọn kékeré. Àwọn ńlá...

Mùnírà yíjú sí odó. Ìkarahun ìgbín ló ń gún fún àwọn ńlá. Ìkarahun ìgbín oko tó ṣà ní Ayédé ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí tirẹ̀ wá ń kú, nǹkan kì í kúkú ṣòfò lọ́wọ́ rẹ̀: á ha ẹran dànù, á sá ìkarahun sóòrùn, kò ní sè é, kò ní yan án, á gún un, á wọ́n ọn fún àwọn tó kù. Ó tọwọ́ bọ odó. Ẹran gbígbẹ ṣì lẹ̀ mọ́ àfọ́kù ibẹ̀: aràn inú òkú ló fi ń bọ́ alààyè. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn pé òun ti mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló rántí bàbá, ojú sì tì í gidigidi.

Ó wọ pálọ̀ Bàbá Ògúnyẹmí, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ dákun. Mo ti mọ ohun tó ń pa wọ́n."

"Kí ni?"

Mùnírà tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní èékánná rẹ̀. "Ọwọ́ mi ni, Bàbá."

Bàbá wo ọwọ́ náà. "Ìjàlọ ni mo ń lé kúrò nídìí ùgbín rẹ lọ́jọ́ ọ̀hún," ló wí. "Uta lo ti pariwo, Mùnírà. Inú ulé lo wá ti ń sọ èyí?"

Mùnírà dìde. Ó padà síta, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí gbogbo àdúgbò lè rí i, ó sì fi ohùn òkè pè wọ́n jáde.