Bí Àǹtí Bátànì Ṣe Ya Àwòṣe Ọ̀gá Rẹ̀

Ẹni tó bá wọ yàrá àwọn ẹnjiníà nílé-iṣẹ́ yẹn kì í pẹ́ dá tábìlì Àǹtí Bátànì mọ̀. Tábìlì àwọn yòókù kún fún wáyà, bátìrì àti ìṣó. Tirẹ̀ kò ní ju kọ̀ǹpútà gbàǹgbà kan lọ, àti ife tíì tó máa ń gbàgbé síbẹ̀ títí tí yóò fi tutù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ya àwòṣe gbogbo ètò ẹ̀rọ kí ẹnikẹ́ni tó fi owó ra nǹkan. Orí kọ̀ǹpútà ni yóò ti kọ́ ọ, ibẹ̀ ni yóò ti tan án, ibẹ̀ náà ni yóò ti bà á jẹ́ tí yóò sì tún un ṣe, nítorí pé àṣìṣe orí àwòrán kì í pa ènìyàn.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi wá orúkọ ìnagijẹ yẹn. Bí ìṣòro bá dé, tí gbogbo ènìyàn di orí mú, òun á ní, "Ẹ fara balẹ̀. A kọ́ ló kọ́kọ́ jẹ irú ìyà yìí. Ẹ jẹ́ ká wá bátànì àwọn tó ti jẹ ẹ́ ṣáájú." Télọ̀ kì í kàn gbé sísọ́ọ̀sì ti aṣọ aláṣọ, ó ní láti tẹ́ bátànì lé e ná. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin yìí ṣe gbà pé ẹnjiníà gbọ́dọ̀ ṣe.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ilé ìwòsàn kan ń kọ́ ilé alájà tuntun, ilé-iṣẹ́ Àǹtí Bátànì ni wọ́n sì gbéṣẹ́ ètò pàjáwìrì rẹ̀ fún. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, aago gbọ́dọ̀ ké, ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí, lífítì gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kó sì dúró sísàlẹ̀, fáànù gbọ́dọ̀ máa fa èéfín jáde. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹ̀rọ náà, kò sì sí èyí tó gbọ́ èdè èkejì. Àǹtí Bátànì ti mọ bátànì tó fẹ́ lò. Ó ń pè é ní alárinà. Ẹ̀rọ kan kò ní í bá èkejì sọ̀rọ̀ ní tààrà. Alárinà kan á wà láàárín tí gbogbo wọn á máa rò fún, òun ló sì máa mọ ohun tó yẹ kó sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun kan ṣoṣo ló kù: Ọ̀gá.

Ọ̀gá jẹ́ ọkùnrin apárí tó máa ń dá ọwọ́ sẹ́yìn rìn bí ẹni tó ń ṣọ́ oko. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀: "Rárá o. Ẹ lọ tún un rò." Ohun yòówù kí wọ́n kọ́kọ́ gbé wá síwájú rẹ̀, èsì tí wọn yóò gbà nìyẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ àga kan kán, tí wọ́n ní kí àwọn pààrọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n lọ tún un rò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí Bátànì ṣí ojú ewé tuntun lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ya àpótí kan. Ó kọ "Ọ̀gá" sínú rẹ̀. Ó fa ọfà kan wọlé: *ohun àkọ́kọ́*. Ó fa òmíràn jáde: *rárá*. Ó fa ọfà míì: *ohun kejì*. Èyí já sí *ó dáa*. Ó tún fi kún un pé bí wọ́n bá mẹ́nu ba ilé-iṣẹ́ tí wọ́n jọ ń du iṣẹ́, *ó dáa* á tètè jáde.

Ìyá Ìbejì, ẹnjiníà iná mànàmáná tó jókòó sí tábìlì kejì, na ọrùn wò ó. Tíì tó wà lẹ́nu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gba imú jáde.

"Ìwọ obìnrin yìí! Ọ̀gá lo yà bí ẹ̀rọ omi?"

"Kí ló dé? Ohun tó ń wọlé ń wọlé, ohun tó ń jáde ń jáde. Ètò ni òun náà."

"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"

"Ká dán an wò ná."

Ìpàdé ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi dán an wò. Ẹ̀yìn oúnjẹ ọ̀sán ni wọ́n máa ń ṣe é, tí gbogbo wọn á máa sùn bí ológbò. Òwúrọ̀ ni wọ́n fẹ́. Ìyá Ìbejì kọ́kọ́ dábàá pé kí wọ́n gbé e sí ìgbà tí ènìyàn ń kó ẹrù lọ sílé. Ọ̀gá ní rárá o. Àǹtí Bátànì wá tẹnu bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́ pé bóyá òwúrọ̀ á dáa jù. Ọ̀gá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́gbọ́n ti sọ̀rọ̀." Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn méjèèjì gbá ògiri mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n. Láti ìgbà náà ni àga tuntun ti dé, tí fèrèsé tí kì í ṣí ti ṣí. Ọ̀gá ti di ilẹ̀kùn tí wọ́n ti mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà.

Ọkọ Àǹtí Bátànì, oníṣègùn eyín tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, gbọ́ ìtàn náà nídìí oúnjẹ. Ó jẹun lọ díẹ̀.

"Àwòṣe tèmi ńkọ́, ṣé o ti ya ìyẹn náà?"

Ìyàwó rẹ̀ wúkọ́. "Ẹ jẹ oúnjẹ yín, ọkọ mi."

"Mo mọ̀ pé o ti yà á," ni ọkùnrin náà wí. "Ṣùgbọ́n bí o ṣe ń wo Ọ̀gá yẹn, ṣé o rò pé òun di ojú ni?"

Àǹtí Bátànì kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe nǹkan. Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé lórí iṣẹ́ ilé ìwòsàn pé, ó gbé àwòṣe méjì dání. Àkọ́kọ́ burú kọjá àlà: wáyà láti ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sí ara gbogbo ẹ̀rọ yòókù, bí ilé aláǹtakùn. Èyí tí Ọ̀gá máa kọ̀ nìyẹn. Alárinà ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó ń dúró bí ìyàwó tí wọn ò tíì ṣí lójú. Ó tan ilé aláǹtakùn náà sára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín. Ó ní ó yá, ó ní ó rọrùn, ó ní ẹwà rẹ̀ ń wu òun.

Ọ̀gá wo ògiri. Ó wo Àǹtí Bátànì. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́."

Gègé bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

"Ọ̀gá... ẹ ò fẹ́ rí ìkejì ni, sà?" ni Àǹtí Bátànì bi í.

"Kí ni mo fẹ́ fi ìkejì ṣe? Èyí tí o ń yìn bí ọmọ tuntun yìí, ṣé n wá ní kí o gbé e jù nù ni?" Ó dá ọwọ́ sẹ́yìn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀fẹ̀ ti di ọ̀ràn. Àǹtí Bátànì lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń bu omi tí kò mu. Ilé ìwòsàn ni o, kì í ṣe ilé ìtajà. Bí wáyà kan bá já nínú ilé aláǹtakùn yẹn, lífítì lè má gbọ́ nǹkan kan, kó máa gbé ènìyàn lọ sínú èéfín.

"Lọ jẹ́wọ́," ni Ìyá Ìbejì wí.

"Kí n sọ pé kí ni? Pé mo ti yà á sínú àpótí, mo sì fa ọfà sí i lára?"

"Tóò. Wá bátànì sí i nígbà náà."

Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé àwòṣe kò pọn dandan kó wà lórí kọ̀ǹpútà. Ó lọ bá Ọ̀gá, ó ní kí wọ́n tó ra wáyà, òun fẹ́ kí wọ́n fi ènìyàn dán ètò tó fọwọ́ sí wò, kí olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn náà sì wá wòran. Ọ̀gá gbà kíákíá. Gbígbà kíákíá yìí ni kò jẹ́ kí ìdí Àǹtí Bátànì gbélẹ̀.

Wọ́n sún tábìlì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ìyá Ìbejì ni aago. Akápò, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí kì í fẹ́ kí aṣọ rẹ̀ rún, ni ilẹ̀kùn. Awakọ̀ ilé-iṣẹ́ ni fáànù. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ní òun ni lífítì. Wọ́n so okùn láti ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gbogbo àwọn yòókù. Òfin wọn kò le: ẹni tí wọ́n bá fa okùn rẹ̀, kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kó sì fa ti àwọn yòókù láti fi tó wọn létí.

"Iná o!" ni Àǹtí Bátànì kígbe.

Ìyá Ìbejì fa okùn. Akápò ṣí apá méjèèjì bí ilẹ̀kùn, ó sì fa Ọ̀gá. Ọ̀gá lóṣòó, ó fa awakọ̀. Awakọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn lẹ́nu fùú, ó fa akápò. Akápò rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, ó pa apá dé. Ó tún fa Ọ̀gá. Ọ̀gá dìde, wọ́n fà á, ó lóṣòó, wọ́n tún fà á, orúnkún rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Kò pẹ́ tí okùn fi dì mọ́ okùn, tí lífítì àti ilẹ̀kùn wá dì mọ́ra wọn tìfẹ́tìfẹ́, imú akápò nínú àyà Ọ̀gá. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì, obìnrin tó wọlé tòun ti ìmúra bí ọjọ́ ìdánwò, bọ́ awò ojú rẹ̀ kó lè ráyè nu omijé ẹ̀rín.

"Ẹ má bínú, mà," ni Àǹtí Bátànì wí, "a ní òmíràn."

Ó tú wọn. Ó wá dúró sáàárín, okùn kọ̀ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ tirẹ̀. Iná o! Aago fa òun, òun fa àwọn yòókù. Ilẹ̀kùn ṣí, lífítì sọ̀ kalẹ̀, fáànù fẹ́. Ó mọ́ roro bí omi inú àmù. Inú rẹ̀ dùn dé etí.

Láti orí ìlóṣòó níbi tó wà, Ọ̀gá sọ̀rọ̀. "Ó dára púpọ̀. Ó yá, Àǹtí Bátànì, dákú."

"Sà?"

"Mo ní kí o dákú. Dùbúlẹ̀ síbẹ̀."

Ó dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, okùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kálukú padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, Ìyá Ìbejì sì fa tirẹ̀ títí. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ilẹ̀kùn dúró ní títì, fáànù dákẹ́, Ọ̀gá dúró gbọnin bí òpó iná.

"Àwọn aláìsàn mi ṣì wà lókè o," ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Àǹtí Bátànì ń wo àjà. Gbogbo ìgbà tó fi ń wá ọ̀nà tí Ọ̀gá kò fi ní í kọ̀ fún un, kò bi í lẹ́ẹ̀kan rí pé kí ló ń mú un kọ̀. Ohun àkọ́kọ́ sábà máa ń ní ihò, ọkùnrin yẹn sì nímú ajá sí ihò. Bó bá jẹ́ pé alárinà ló kọ́kọ́ gbé wá láìfi ọgbọ́n yí i, "rárá o" yẹn ìbá ti fi ihò yìí hàn án lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó dìde jókòó. "Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Ìkejì ni mo fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ta ni kò mọ̀?" Ọ̀gá ń tú okùn kúrò lọ́rùn ọwọ́. "Ohun tó bá wù ọ́, o kì í yìn ín, ńṣe lo máa ń bá a jà bí ẹni bá ọmọ rẹ̀ wí. Èyí tí o bá ń yìn, o ò fẹ́ ẹ nìyẹn. Ìwọ nìkan kọ́ ló ń ya àwòṣe. Orí mi ni mo ya tèmi sí. Ṣé o rò pé màá jẹ́ kí wọ́n ra wáyà kan fún ìranù yẹn?"

Ìyá Ìbejì fi ìwé bojú. Èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìjókòó yẹn náà ni wọ́n ti tún un ṣe. Alárinà máa ní igbákejì tí kò ní iṣẹ́ méjì ju kó máa gbọ́ mímí ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ìyẹn àmì tó ń fi hàn pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́; bí mímí náà bá dákẹ́, òun á bọ́ síbẹ̀. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì béèrè pé bí àwọn méjèèjì bá dákẹ́ ńkọ́. Ọ̀gá àti Àǹtí Bátànì dáhùn pọ̀: kí ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀.

"Bátànì wà fún ìyẹn náà," ni Àǹtí Bátànì fi kún un, kò lè pa á mọ́ra. Akápò ju okùn lù ú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ètò náà hàn, ọ̀dà ṣì ń rùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tuntun náà, àwọn àlejò sì tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú aṣọ ìmúròde. Àǹtí Bátànì fẹ́ tẹ aago. Ó wò yíká, kò rí Ọ̀gá. Ó wo gíláàsì yàrá ẹ̀rọ, ó sì rí i níbẹ̀, ó ń mì orí sí i, wáyà alárinà tó ti fà yọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìka rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnnì náà kó tó mọ̀. Aago ké. Kò sí nǹkan mìíràn. Ilẹ̀kùn kò mira. Ìyá Ìbejì di apá rẹ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ já a.

Igbákejì gbọ́ pé mímí ti dákẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu, fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, lífítì rọra wá sísàlẹ̀, ó lanu sílẹ̀, kò lọ mọ́. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

Ọ̀gá jáde, ọwọ́ kan lẹ́yìn, wáyà ní ọwọ́ kejì.

"Ọ̀gá! Ẹ ò sì sọ fún wa!"

"Ká ní mo sọ ni, ẹ̀ bá ti múra dè mí, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?"

Àǹtí Bátànì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Ó gba wáyà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba inú àwọn àlejò kọjá lọ sí yàrá ẹ̀rọ láti tún un kì bọ àyè rẹ̀.