Àwòrán Ibi Tí Kò Sẹ́nìkan

Sàlímà ju ọwọ́ síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń lé adìẹ. Darandaran tó dúró gangan níwájú kámẹ́rà rẹ̀ kò mira.

Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ lórí Odò Ọya. Àwọn òkè olókùúta tó wà ní òdìkejì Niamey pọ́n bí ẹyin iná, ìmọ́lẹ̀ yẹn kì í sì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní Lazaret, àdúgbò kan nígboro Niamey, fọ́tò ìwé ìdánimọ̀ ni Sàlímà ń yà fáwọn èèyàn. Ọjọ́ ìsinmi nìkan ló ń ráyè wá sí ipa ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ odò lábẹ́ àwọn òkè yìí. Ó ti kó àwòrán mọ́kànlá jọ fún àfihàn kan nígboro. Ọ̀kan ló kù, ọ̀sán ọjọ́ náà sì ni wọn yóò gbà á mọ. Kò sí èèyàn kankan nínú gbogbo wọn. Ojú èèyàn ti sú u.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹra díẹ̀," ó sọ ọ́ ní Haúsá.

Dípò kó yẹra, ọkùnrin náà sún mọ́ ọn. Fúlàní ni, Boubacar lorúkọ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun.

"Ọmọ mi, ibì kan wà lẹ́yìn òkè yìí. Bá mi yà á."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

Sàlímà wo òkè, ó wo oòrùn. Tó bá tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ta ni yóò dá ẹlòmíràn dúró ní kùtùkùtù nítorí ibi tí kò sí nǹkan kan? Ó palẹ̀ kámẹ́rà mọ́.

Ọ̀nà tóóró náà yí òkè po, ó já sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Koríko gbígbẹ, igi ẹlẹ́gùn-ún kan, òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò gbọọrọ sílẹ̀. Boubacar bọ́ bàtà.

"Hàfísátù, ìyàwó mi," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án rèé. Koríko ti tán níbí, a ń kó màlúù lọ síhà gúúsù. N kò rò pé ẹsẹ̀ mi á tún gbé mi padà."

Sàlímà sún sọ́tùn-ún, ó sún sẹ́yìn, ó yí lẹ́ǹsì, ó yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Boubacar wo ojú kámẹ́rà títí.

"Ibẹ̀ gan-an ni."

"Màá tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Ibo ni kí n fi ránṣẹ́ sí?"

"Jẹ́ kó wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi ò nílé tó ní ògiri tí màá fi kọ́."

Nígbà tó fi padà síwájú òkè, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ó rí bí erùpẹ̀ lásán. Ó ránṣẹ́ sáwọn tó ń ṣe àfihàn pé mọ́kànlá lòun ní.

Nírọ̀lẹ́, ó tẹ fọ́tò náà jáde, ó fi kọ́ ògiri ilé wọn ní àdúgbò Maourey. Ìyá rẹ̀, Ùmmúkùlsùm, tó ń ta aṣọ, ti ọjà dé, ó sì dúró níwájú rẹ̀.

"Ibo nìyí?"

"Sàréè ìyàwó bàbá Fúlàní kan ni. Hàfísátù."

Ìyá rẹ̀ fa ìborùn rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa. "Àsàlámú àlékúmù, Hàfísátù," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kí aládùúgbò, ó sì kọjá lọ ṣàlùwàlá.

Sàlímà dúró síbẹ̀. Nínú fọ́tò náà, ó wo ibi tó fẹsẹ̀ tẹ̀ láàárín òkúta láàárọ̀. Ó ti díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, ó ti dágbére fún Boubacar. Kò kí Hàfísátù.