Kéèkì tí Bàbá Ń Fi Ọwọ́ Òsì Júwe

Ọjọ́ Jímọ̀ ni dókítà sọ ọ́, kò sì fi epo pa ọ̀rọ̀ náà lára. Ó ní bí Bàbá Ọlọ́runnísọ̀lá ò bá tíì jẹun títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí wọ́n gbé wọn padà wá sí ọsibítù, òun óò ki rọ́bà bọ̀ wọ́n nímú lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọn óò máa gba oúnjẹ. Fọláhànmí, ọmọ wọn obìnrin, ní, "Ẹ ṣé, sà." Kí ni ì bá tún wí?

Ọ̀rọ̀ rọ́bà yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi sí ìyá Fọláhànmí nímú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó sì wà níbẹ̀ títí ìyá fi gbẹ́mìí mì. Nígbà tí wọ́n sin ìyá tán, Bàbá pe àwọn ọmọ jọ, wọ́n ní, "Ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín, ẹ ṣáà má fi rọ́bà sí mi nímú. Ogójì ọdún ni mo fi se oúnjẹ fún ẹnu ẹlẹ́nu. Ẹnu ni n ó fi máa jẹ tèmi." Nígbà náà, ahọ́n Bàbá mú bí abẹ. Oṣù kejì rèé tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, tó gba ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ọn. Ọwọ́ òsì ló kù, àti ojú. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ojú tí ẹnikẹ́ni ò lè kà ńkọ́?

Ọ̀yọ́ ni ilé ọkọ Fọláhànmí, ike àti abọ́ ló ń tà ní ọjà Akẹ̀sán. Ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, ó wọkọ̀ wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ kan péré lòun óò lò. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Èwo ni ti òkété tó pa ẹnu dé? Ó gún iyán, ó pò ó rọ̀ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín, Bàbá yíjú sí ògiri. Ó se ìrẹsì títí ó fi di àsáró, Bàbá di ẹnu pinpin. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ó jẹ́ pé omi ṣíbí kan, ṣíbí méjì, ni wọ́n ń fi tọ́ ètè wọn.

Ibẹ̀ ló ti rántí kéèkì. Ilé àwọn òyìnbó kan ni Bàbá ti ṣe kúùkù nígbà èwe wọn. Àwọn òyìnbó ti padà sílùú wọn tipẹ́, ṣùgbọ́n kéèkì kòkó tí Bàbá ń ṣe níbẹ̀ ò bá wọn lọ. Dúdú ni, ó fúyẹ́, ó sì ní ohun kan nínú tó ń mú kí ẹni tó jẹ ẹ́ tún na ọwọ́. Bí ọjọ́ ìbí ọmọ kan bá pé, Bàbá á da iyanrìn sísàlẹ̀ ìkòkò irin, á gbé páànù kéèkì lé e, á dé e, á wa ẹyin iná sórí ìdérí. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé nígbà tí wọ́n bá ń pò ó. "Ẹ jókòó síta. Ẹnu lẹ ó fi mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní fi ojú mọ̀ ọ́n." Fọláhànmí jókòó síta títí ó fi relé ọkọ. Kò bi wọ́n léèrè rí.

Láàárọ̀ Sátidé, ó gun ọ̀kadà lọ sí Under G, níbi tí wọ́n ti ń ta èlò kéèkì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ lọ́rọ̀ lẹ́nu ju oníbàárà lọ.

"Mọ́mì, ọjọ́ ìbí ta ni? Ẹ jẹ́ n fún yín ní àwọ̀ tí ẹ ó fi kun orí ẹ̀. Èyí tó pọ́n yìí ló ń tà jù o."

"Má kun nǹkankan. Bàbá mi ló fẹ́ jẹ ẹ́."

"Háà, bàbá ń ṣe ọjọ́ ìbí! Wọ́n ti pé ọdún mélòó?"

"Wọn kòkó fún mi, ọmọ mi."

Nígbà tó délé, ó gbé àga Bàbá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná kí ojú rẹ̀ lè máa wà lára wọn. Ó po bọ́tà mọ́ ṣúgà, ó fọ́ ẹyin sí i, ó da fúláwà, kòkó àti sódà tó ń mú kéèkì wú lé e. Bó ṣe ń da mílíìkì inú agolo sí i báyìí, Bàbá kùn, "Hùn-ún!" Wọ́n gbé ọwọ́ òsì, wọ́n nà án sí kọ̀rọ̀ níbi tí abọ́ ògì wà.

Inú Fọláhànmí dùn débi pé ó fò sókè. "Ẹ̀kọ! Bàámi, ẹ̀kọ lẹ fẹ́ mu! Kí ló dé tí ẹ ò na ọwọ́ látàárọ̀?"

Ó fi kéèkì sínú ìkòkò irin, ó sáré ro ẹ̀kọ gbígbóná, ó gbé ṣíbí àkọ́kọ́ sí wọn lẹ́nu. Bàbá fi ọwọ́ òsì gbá ṣíbí dànù. Ẹ̀kọ ta sí Fọláhànmí láyà. Kó tó nu ún tán, òórùn ti gba ilé: kéèkì ti jóná. Ó gé àárín rẹ̀ tí iná ò dé, ó gbé e sí Bàbá nímú. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n di ẹnu, omijé kan ṣoṣo sì já bọ́ lójú wọn òsì.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, àwọn ará ìjọ wá pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Wọ́n kọrin, wọ́n gbàdúrà kíkan-kíkan. Bàbá fi ọwọ́ òsì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n Bàbá ò la ẹnu fún oúnjẹ.

Bí wọ́n ti lọ ni Fọláhànmí tún bẹ̀rẹ̀. Ó fi ẹyin kún ẹyin. Bó ṣe tún gbé agolo mílíìkì ni Bàbá tún kùn, tí wọ́n tún na ọwọ́ sí kọ̀rọ̀ àná. Fọláhànmí kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹ forí jì mí, kí lẹ ń wí?" Ó gbé apẹ̀rẹ̀ àlùbọ́sà wá. Rárá. Ó gbé ọlọ wá. Rárá. Ó gbé abọ́ ògì. Bàbá ń fi ọwọ́ gbá apá àga, gbì, gbì, gbì.

"Òun náà ni mo ro fún yín lánàá tí ẹ dà sí mi láyà! Ẹ̀yin lẹ fẹ́ẹ́ kú, àbí èmi lẹ fẹ́ẹ́ pa?"

Ọ̀rọ̀ ti jáde. Bí ẹyin ni ọ̀rọ̀, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́.

"Ta ló ń jágbe mọ́ arúgbó níbẹ̀ yẹn?" Marufat ló ń wọlé, ògì tuntun lọ́wọ́ rẹ̀. Òun àti Fọláhànmí jọ dàgbà lágbolé ni, ìyá rẹ̀ ló fi ògì títà sílẹ̀ fún un ní Ọjà Igbó. "Fọlá, ṣé o rò pé Akẹ̀sán lo ṣì wà ni?"

Fọláhànmí bú sẹ́kún, ó rò ó fún un. Marufat wo Bàbá, ó wo abọ́, ó tún wo Bàbá. Ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ògì kọ́. Omi orí ẹ̀ ni."

"Omi wo?"

"Omikan náà. Kí n má purọ́, bàbá yín ò ra ògì lọ́wọ́ ìyá mi rí. Omi tó bá ti kan dáadáa ni wọ́n ń wá bù, ike kékeré kan. Ìyá mi á ní, 'Àgbo ibà ni bàbá yìí ń fi rẹ.' Àgbo la pè é títí ìyá mi fi kú."

"Àgbo kẹ̀? Bàbá ò fi àgbo kan ẹnu rí."

"Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rò ó ni."

Àwọn méjèèjì kọjú sí Bàbá. Bàbá rọra gbé ọwọ́ òsì sọ̀kalẹ̀ sórí itan, bí ẹni sọ ẹrù.

"Lágbára Ọlọ́run!" Marufat fara ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. "Omi ògì ìyá mi làwọn òyìnbó ń jẹ, tí wọ́n ń sọ pé *fẹ́rí gúùdù*!" Ó ṣeé ṣe kí mílíìkì tán lọ́jọ́ kan, kí kúùkù wo ọ̀tún wo òsì, kó sì bu ohun tó wà nílé. Ta ni yóò sọ ọ́? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ohùn kan dún ní ọ̀fun Bàbá. A ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ikọ́.

Kéèkì kẹta, Bàbá ló ṣe é, ọwọ́ Fọláhànmí ni wọ́n yá lò. Ó ń da omikan, Bàbá na ìka kan: ó tó. Nígbà tí omi náà kan sódà inú fúláwà, ó hó ṣùù, Bàbá mi orí. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹyin iná: dín in kù. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ sí ìdérí: ṣí i. Òórùn kéèkì gba gbogbo àgbàlá. "Ọ̀la ọjọ́ Ajé," Fọláhànmí ń wí, "a ò lọ síbì kankan. Ẹ gbọ́, Bàámi? A ò lọ síbì kankan!"

Ó bu díẹ̀, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bàbá ya ẹnu.

"Alhamdulillah!" ni Marufat wí.

Bàbá jẹ ẹ́. Wọ́n ń jẹ ẹ́. Wọ́n ṣì ń jẹ ẹ́. Ojú wọn ò kúrò lára ọmọ wọn.

"Ẹ gbé e mì, Bàámi. Ẹ gbé e mì."

Gògóńgò sún sókè díẹ̀, ó dúró. Òógùn yọ níwájú orí wọn. Ikọ́ dé, irú ikọ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ibi mí. Ojú Bàbá ń yí padà. Marufat di ẹ̀yìn wọn mú, Fọláhànmí ki ìka bọ̀ wọ́n lẹ́nu, ó sì wa gbogbo rẹ̀ jáde sí àtẹ́lẹwọ́. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Bíńtín ò wọlé.

Ó wá yé àwọn méjèèjì. Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bàbá ò kọ iyán, wọn ò kọ ìrẹsì. Ọ̀fun ni kò gbà á mọ́, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n. Ẹni tí kò lè sọ pé òun ò lè gbé e mì, ẹnu ló máa dì.

"Mo jágbe mọ́ wọn," ni Fọláhànmí wí.

"Ta ni ì bá sọ fún ọ?" Marufat ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Emmanuel awakọ̀, aládùúgbò wọn, gbé mọ́tò dúró lẹ́nu ọ̀nà. Fọláhànmí ti wẹ Bàbá, ó ti wọ aṣọ fún wọn. Ó kúnlẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ sórí orúnkún wọn.

"Bàámi, mo mọ ohun tí ẹ sọ nípa rọ́bà. Bí a bá lọ, rọ́bà ni. Bí a ò bá lọ, ebi ni, ojú mi ló sì máa ṣe. Ẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó lọ. Ẹ tẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì, a ó jókòó."

Bàbá wo ọwọ́ náà. Wọn ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè, wọ́n nà án sí kéèkì tó wà lórí àpótí.

"Ẹ ò lè gbé e mì, Bàámi."

Wọ́n na ọwọ́ sí kéèkì. Wọ́n na ọwọ́ sí ẹnu Fọláhànmí.

Emmanuel fọn fèrè pe Fọláhànmí. "Ìyá Moyinolúwa, èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Ajé o!"

Fọláhànmí gé kéèkì, ó jẹ ẹ́. Kò mọ bó ṣe rí lẹ́nu. Bàbá ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Wọ́n tún na ọwọ́, ó tún jẹ. Ó jẹ ẹ́ títí ègé náà fi tán, torí ìyẹn nìkan ni wọ́n ní kó ṣe tí agbára rẹ̀ ká.

Bàbá wá sọ ọwọ́ kalẹ̀. Wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Fọláhànmí dúró tì wọ́n fún ìgbà díẹ̀, bóyá ọwọ́ náà óò tún gbéra. Kò gbéra. Òun àti Marufat gbé wọn wọ mọ́tò.

"Ọsibítù náà ni, àbí?" ni Emmanuel bi í.

Fọláhànmí gbé orí Bàbá lé èjìká ara rẹ̀. Emmanuel wò wọ́n nínú dígí, ó ṣáná sí ọkọ̀, ó sì kọjú sí ọ̀nà ọsibítù.