Orúkọ Ìyá Ló Ṣáájú

Ohùn ìyá rẹ̀ ni Gbémisọ́lá fẹ́ gbé sọdá sí erékùṣù Gberefu lọ́la, kí ẹbí gbọ́ ọ níbi àdúrà ìrántí ọdún kan. Kí Àdùní, ìyá rẹ̀, tó kú ló ti jókòó lábẹ́ igi àgbọn, tó ki gbogbo ìdílé sínú fóònù ọmọ rẹ̀:

"Ọmọ atẹ́-àwọ̀n-bí-ẹni-tẹ́-ẹní,
Ọmọ òkun ń bú, ilé wa ò mì."

Gbémisọ́lá ti kó ohùn náà kúrò lórí fóònù sínú kọ̀ǹpútà, sínú fódà tó ń jẹ́ "iya". Ohùn tirẹ̀, tó gbà sílẹ̀ láti fi kọ́ oríkì náà, wà nínú "omo". Orúkọ kan náà ló fún fáìlì ìyá àti tirẹ̀, kó má baà rú u lójú.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà kún, Rewájú, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan fún un ní èdè Python.

"Ẹ ṣáà tẹ orúkọ fódà méjèèjì tẹ̀lé e, Àǹtí. Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbi méjèèjì, á pa ọ̀kan rẹ́ kí àyè lè wà."

Ó gun ọ̀kadà lọ sí Ajara. Kò sọ pé inú fódà tí orúkọ rẹ̀ bá ṣáájú ni yóò ti pa á.

Gbémisọ́lá gbàdúrà, ó tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nílé. A kì í dárúkọ ọmọ ṣáájú ìyá. Ó kọ "iya", ó kọ "omo". Ètò náà ò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣí "iya", òfìfo ló bá.

Rewájú dé, àgbọn lẹ́nu. Ó wá ohùn náà títí, kò rí i. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ̀yin náà! Ṣé kọ̀ǹpútà mọ àgbà ni?" Ó tu èérún àgbọn sílẹ̀. "Tiyín ṣì wà ńbẹ̀. Ohùn yín jọra. Ẹ gbé tiyín sí i lọ́la, ta ló máa mọ̀?"

Gbémisọ́lá dìde dúró.

"Kí n parọ́ mọ́ òkú níwájú Olúwa? Rewájú, o rí mi lára. O da ilé rú tán, o tún ní ká fi irọ́ bò ó."

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Jókòó síbẹ̀. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kọ́ ètò burúkú rẹ yìí ní ìbéèrè."

Ó jókòó. Ó tún un kọ, pé kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó kọ --pa síwájú fódà tí yóò ti pa nǹkan, kó kọ --toju síwájú èyí tí yóò dá sí. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ò bá sí ńbẹ̀, kí ètò má pa nǹkan kan, kó kọ́kọ́ béèrè. Gbémisọ́lá ò wo ojú rẹ̀. Ó fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó tẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀: "iya", "omo".

Ètò náà dá a lóhùn: "Èwo ni kí n pa? Èwo ni kí n tọ́jú?"

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ ọ́n bi," ni Gbémisọ́lá wí.

Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó mú ìgbálẹ̀. Bó ṣe ń gbá èérún Rewájú jáde, ó ń fi ohùn ara rẹ̀ ki ìyá rẹ̀, nítorí ohùn yẹn náà ni yóò mú wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́la, tí yóò sì sọ fún ẹbí pé tòun ni.